Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ìjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí owó ilé àti ohun tí ìgbàgbọ́ àwọn Júù aládùúgbò wa ń ṣe nípa rẹ̀

Stamford Hill,
Àríwá Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa ní Hackney, Tottenham, Peckham àti Woolwich,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì mọ̀ pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etígbọ̀ọ́ yín, nítorí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, agbára káká ni a fi ń ṣe ìpàdé kan tí ẹnìkan kò ní dìde níbẹ̀ pé onílé ti fi owó lé owó, pé owó iná àti gáàsì kò jẹ́ kí òun sùn, tàbí pé kánsù ti kó òun àti àwọn ọmọ òun sínú yàrá kan ṣoṣo ní ìlú tí òun kò ti mọ ẹnì kankan. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó gbàdúrà fún onítọ̀hún, a ó ní kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn, alága yóò sì bọ́ sórí ohun tó kàn nínú ìwé ìpàdé, èyí tó sábà máa ń jẹ́ aṣọ ẹbí ayẹyẹ ọdún. Èmi kò tako àdúrà. Ẹjọ́ tí mo wá rò ni pé àwọn aládùúgbò wa kan wà tí wọ́n ń gbàdúrà jù wá lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, síbẹ̀ tí ìgbàgbọ́ wọn kò gbà kí ẹnu nìkan ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wọn.

Àwọn Júù Stamford Hill ni mo ń tọ́ka sí, àwọn Hasidim, ìyẹn àwọn Júù tó di ẹ̀sìn wọn mú ṣinṣin, tí ẹ máa ń rí nínú aṣọ dúdú wọn, tí kò sí ibòmíràn ní ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ti pọ̀ tó báyìí lójú kan. A jọ ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà, a jọ ń tò sí iwájú dókítà kan náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwa máa ń sọ nípa wọn láàárín ara wa: pé olówó ni gbogbo Júù, pé owó ilé kò lè jẹ́ ìṣòro wọn. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò yìí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìdílé tó ní ọmọ mẹ́fà tàbí méje wọ́pọ̀ láàárín wọn, ilé onílé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbé. Nígbà tí ìjọba fi gbèdéke lé iye ìrànwọ́ tí ìdílé kan lè gbà ní 2013, tí wọ́n tún fi òfin ọmọ méjì lé e ní 2017, pé ọmọ méjì nìkan ni ìrànwọ́ yóò máa kà, ẹ lè fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ilé tí ọmọ ti pé méje. Láti 2020 títí di 2024 ni wọ́n sì di ìrànwọ́ owó ilé mọ́ ojú kan, nígbà tí owó ilé gan-an ń gun òkè lọ láìwẹ̀yìn. Ohun tó ń jẹ wá níyà ń jẹ àwọn náà níyà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò rò ni pé ìgbàgbọ́ wọn gan-an ló tún ń sọ ilé di ọ̀wọ́n fún wọn. Òfin Sábáàtì kò gbà kí wọ́n wọkọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ Sátidé, nítorí náà wọ́n ní láti gbé ní ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wọn dé sínágọ́gù. Ẹran tí òfin wọn gbà wọ́n láyè láti jẹ wọ́n ju ẹran tí èmi àti ẹ̀yin ń rà ní Ridley Road lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ni wọ́n ń rán ọmọ lọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni òbí sì ń sanwó fún. Ní Àjọ Àgọ́, olúkúlùkù ìdílé ń wá ibi tí ojú ọ̀run yóò ti hàn láti kọ́ àgọ́ sí, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Onílé tó bá ti mọ̀ pé ayálégbé òun kò lè kó lọ síbi tí kò sí sínágọ́gù ti mọ ibi tí yóò ti dì í mú. Bí a bá wá sọ pé ẹ̀sìn ń bá wọn gbé ẹrù yìí, ẹ má gbàgbé pé ẹ̀sìn náà ló di díẹ̀ nínú ẹrù ọ̀hún lé wọn lórí.

Ohun tí wọ́n fi ń bá a yí kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Láti nǹkan bí 2016 ni àwọn ìdílé kan láti Stamford Hill ti ń kó lọ sí Canvey Island ní Essex, níbi tí ilé ti dínwó. Wọn kò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwa ti máa ń ṣe, tí ẹnìkan wa yóò lọ fi ara pamọ́ sí ìlú àjèjì tí kò ní gbúròó ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n kó ara wọn lọ ni, kí sínágọ́gù, ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ lè bá wọn lọ. Ní Ísírẹ́lì, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú. Ẹgbẹ́ Hasidim tí wọ́n ń pè ní Gur, lábẹ́ Rábì Simcha Bunim Alter tó jẹ́ olórí wọn láti 1977 títí di 1992, fi òfin lé iye tí ènìyàn lè ná sórí ìgbéyàwó ọmọ, ó sì rọ àwọn tọkọtaya tuntun láti lọ ra ilé ní àwọn ìlú tó jìnnà sí Jerúsálẹ́mù àti Bnei Brak, níbi tí owó wọn yóò ti ká a. Olórí ẹ̀sìn ni ó sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́. Mo ń wò yín lójú bí mo ti ń kọ èyí, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn wa.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Mishnah, ìwé òfin tí àwọn rábì kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 Sànmánì Kristi, sọ̀rọ̀ nípa ayálégbé àti onílé bí ẹni tó ń gbé Hackney lónìí. Ó ní ẹni tó yá ilé fún ènìyàn ní ìgbà òjò kò lè lé e jáde láti Àjọ Àgọ́ títí di Àjọ Ìrékọjá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbọ́dọ̀ fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú ńlá, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù méjìlá ni. Àwọn alálàyé sọ ìdí rẹ̀: gbogbo ayé ló ń rọ́ lọ sí ìlú ńlá, ilé kò sì rọrùn láti rí níbẹ̀. Fún ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù láti ṣe búrẹ́dì tàbí láti pa aṣọ láró, Rabban Shimon ben Gamliel, ọ̀kan nínú àwọn rábì náà, ní ọdún mẹ́ta ni. Bí onílé ti ní láti kìlọ̀ ṣáájú ni ayálégbé náà ní láti kìlọ̀ ṣáájú, kí ó má baà sá lọ lóru kí ó fi ilé sílẹ̀ lófìfo. Òfin náà kò sì jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, nítorí Talmud, ìwé ńlá tí àwọn rábì fi ṣàlàyé Mishnah, gbà pé bí owó ilé bá gbówó lórí ní ìlú, onílé lè fi kún tirẹ̀, bí ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé bá sì wó, ó lè sọ fún ayálégbé pé, ìwọ kò sàn jù mí lọ.

Ní ilẹ̀ yìí, oṣù kẹwàá 2025 ni òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ ayálégbé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òǹtẹ̀ Ọba, pẹ̀lú ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2026 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí onílé kò ní lè lé ènìyàn jáde láìsọ ìdí mọ́. Ẹ ṣírò iye ọ̀rúndún tó wà láàárín méjèèjì.

Òfin tuntun yìí kan náà tún sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba owó tó ju èyí tó kéde lọ, àní bí ẹni tó ń wá ilé bá fi í lọ̀ ọ́. Ìbí yìí ni ọ̀rọ̀ wá kan àwa gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Ní 1516, nígbà tí ìjọba Venice kó àwọn Júù sí àdúgbò kan tí wọ́n ń tì mọ́ wọn lóru, wọ́n ní kí wọ́n máa san owó ilé tó fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Róòmù, nígbà tí Póòpù ṣe irú rẹ̀ ní 1555, Júù kò tún lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilé tirẹ̀ mọ́, ọwọ́ Kristẹni ni gbogbo ilé wà. Ènìyàn pọ̀, ilé kò tó, onílé sì mọ̀ pé wọn kò rí ibòmíràn lọ. Bí ó bá jẹ́ pé olúkúlùkù ló ń dá tirẹ̀ ṣe ni, wọn ì bá fi owó bá ara wọn jà títí gbogbo wọn yóò fi di alágbe. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi òfin de ara wọn pé Júù kankan kò gbọdọ̀ lọ bá onílé láti fi owó tó pọ̀ jù gba ilé tí Júù mìíràn ń gbé mọ́ ọn lọ́wọ́. Gazaga ni wọ́n ń pe ẹ̀tọ́ ayálégbé yìí ní Róòmù. Ó lágbára débi pé bàbá lè fi sílẹ̀ fún ọmọ bí ogún, ó sì lè fi ṣe ẹrù ìgbéyàwó fún ọmọbìnrin rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn Póòpù fúnra wọn fọwọ́ sí i, tí Kristẹni tó ni ilé kò fi lè lé ayálégbé rẹ̀ jáde bó ti wù ú. Àwọn tí kò ní ohun ìjà kan, tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ìbò, ló mú onílé dúró sójú kan, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti gun orí ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ti wa. Gbogbo wa la mọ ọmọ Yorùbá tó gbọ́ pé ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá onílé du owó, tó gba ẹ̀yìn lọ bá onílé náà pé òun yóò san oṣù mẹ́fà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A mọ ẹni tó gba yàrá kan lọ́wọ́ kánsù tàbí lọ́wọ́ onílé, tó tún fi ìlọ́po iye náà yá a fún ọmọ ìlú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó, nítorí ó mọ̀ pé onítọ̀hún kò ní ìwé tí yóò fi gba ilé níbòmíràn. A máa ń rí wọn nínú ìjọ, wọ́n máa ń dá ọrẹ ọpẹ́, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n.

Lórí oúnjẹ náà, ìtàn méjì ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí Tẹ́ńpìlì ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù, obìnrin tó bá bímọ, tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn, ní láti mú ẹyẹ méjì wá fún ẹbọ, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Jésù ti ṣe. Mishnah sọ pé nígbà kan iye ẹyẹ méjì náà gòkè dé díínárì wúrà. Rabban Shimon ben Gamliel kan tó ṣáájú èyí tí mo dárúkọ lókè fi Tẹ́ńpìlì búra pé òun kò ní sùn lóru ọjọ́ náà kí iye rẹ̀ tó já wálẹ̀, ó wọ ilé ìdájọ́, ó sì kéde pé obìnrin tó ti bímọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lè mú ẹbọ kan ṣoṣo wá fún gbogbo rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹyẹ kò tó díínárì fàdákà kan mọ́. Ìkejì jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ní Nikolsburg ní ilẹ̀ Moravia, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Àwọn apẹja rí i pé àwọn Júù kò lè ṣe Sábáàtì láìjẹ ẹja, wọ́n sì ń gbé owó lé e. Àwọn ará ìlú fohùn ṣọ̀kan láti má ra ẹja fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bi Rábì Menachem Mendel Krochmal bóyá èyí kò tàbùkù Sábáàtì. Ó ní kí wọ́n ṣe é, kí tálákà náà lè rí ẹja jẹ. Àwọn méjèèjì yìí jẹ́ olórí ẹ̀sìn, ohun tí ẹ̀sìn fẹ́ràn ni wọ́n sì fọwọ́ kàn láti gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà. Mo ń ronú nípa aṣọ ẹbí wa, nípa gbọ̀ngàn tí a ń háyà fún ọjọ́ ìbí, nípa ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ owó ilé tó sì tún ra léèsì nítorí pé ojú ń tì í láti jókòó pẹ̀lú aṣọ ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu yín ni yóò tú u sílẹ̀.

Ohun tó gbé mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ohun tí wọ́n ń pè ní gemach. Àpò ìyánilówó láìsí èlé ni. Ìdílé kan lè dá a sílẹ̀ ní ìrántí òbí wọn tó ti kú, sínágọ́gù lè dá a sílẹ̀, ẹni mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ lè dá a sílẹ̀. Kì í ṣe owó nìkan, nítorí gemach ibùsùn ọmọdé wà, ti aṣọ ìyàwó wà, ti àga òde wà, ti oògùn tí ọmọ nílò lóru wà, tí ènìyàn yóò lo nǹkan tí yóò sì dá a padà. Ìyá kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà, tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe yá owó oṣù méjì nígbà tí onílé fi kún owó ilé lójijì. Oníduro méjì ni wọ́n mú lọ, àwọn tí ilé wọn mọ̀ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ kọ ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ fún oṣooṣù, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò pé lórí rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú àpò náà kọ ọ́ sínú ìwé, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó tán. Kò sí ẹni tó mú orúkọ wọn dé orí pẹpẹ, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan ló fa òṣì náà.

Inú Tórà, ìwé márùn-ún Mósè, ni gbogbo rẹ̀ ti wá, inú ìwé tí àwa náà ń kà ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ́kísódù 22 kọ èlé fún ẹni tó bá yá tálákà ènìyàn Ọlọ́run lówó. Diutarónómì 24 ní kí ẹni tó yáni lówó dúró síta, kí ó má wọ inú ilé onígbèsè lọ mú ohun ìdógò. Lórí Lefítíkù 25, níbi tí a ti ní kí a di arákùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń rẹ̀ mú, Rashi, alálàyé ńlá ti ilẹ̀ Faransé, fi ẹrù orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ẹrù ṣì wà lẹ́yìn ẹranko náà, ẹnìkan lè dì í mú kó dúró, ṣùgbọ́n bí ó bá ti balẹ̀, ẹni márùn-ún kò lè gbé e. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ìdílé tí wọ́n lé jáde nítorí gbèsè oṣù kan, tí wọ́n wá ń ná ìlọ́po rẹ̀ lórí hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ àti ibi ìkẹ́rùsí, mọ ohun tí Rashi ń sọ. Maimonides, rábì àti onímọ̀ òfin ńlá tó kú ní 1204, to ìfúnni sí ìpele mẹ́jọ, èyí tó sì fi sí òkè pátápátá kì í ṣe ọrẹ tí a fi ojú rere ṣe, bí kò ṣe kí a fún ènìyàn ní ẹ̀bùn tàbí kí a yá a lówó, kí a bá a dá òwò pọ̀, tàbí kí a wá iṣẹ́ fún un, kí ó má baà dé ibi tí yóò ti tọrọ jẹ. Ní New York, dọ́là 95 ni àwọn Júù fi bẹ̀rẹ̀ Hebrew Free Loan Society ní 1892, ó sì ń yá ènìyàn lówó láìsí èlé títí di òní.

Ẹnìkan yóò sọ pé àwa náà ní àjọ, a sì ní èsúsú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ń dá a. Ṣùgbọ́n ohun tí mo dá ni mo ń kó, àti pé ẹni tí kò ní ohun tí yóò dá kò ní àyè níbẹ̀. Ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde ní oṣù yìí kò lè dúró de ìgbà tí èsúsú yóò kàn án. Ọ̀dọ̀ olówó sọgúndogójì ló ń lọ, tàbí sórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń yá ènìyàn lówó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú èlé tí ojú kò lè wò.

Mo tún fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ọrẹ, mo sì ń tọrọ àforíjì ṣáájú bí ó bá ro yín lára. Ní gbogbo ìlú tí Júù wà, ni Maimonides kọ, òun kò rí i, òun kò sì gbọ́ ọ rí pé ìlú kan wà tí kò ní àpò fún tálákà. Mishnah ní ẹni méjì ni yóò gba owó àpò náà, ẹni mẹ́ta ni yóò pín in, kí ẹnikẹ́ni má lè dá a pín bó ti wù ú. Ẹni tó ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ ojoojúmọ́, ẹni tó ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá, ìyẹn ti ọ̀sẹ̀ kan, kò gbọdọ̀ gba nínú àpò. Tálákà tí àpò yìí ń bọ́ gan-an gbọ́dọ̀ fúnni, ìbáà ṣe díẹ̀, kí ó má baà gbàgbé pé ènìyàn lòun náà. Lórí tábìlì ìgbowó ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì àdúgbò yìí ni agolo wà, ní ilé wọn náà agolo wà, àwọn obìnrin a sì máa ju owó wẹ́wẹ́ sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó tan fìtílà Sábáàtì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Àwọn rábì àtijọ́ tó péjọ ní ìlú Usha ní Gálílì pàṣẹ pé ẹni tó fẹ́ fúnni tinútinú kò gbọdọ̀ fúnni kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ohun ìní rẹ̀, kí òun náà má baà di ẹni tí a ń fún. Ẹ̀sìn tó kọ́ ayé ní ìdámẹ́wàá ni ó fi àjà lé ọrẹ. Nígbà wo ni a gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn nínú ìjọ wa, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún ẹni tó jẹ owó ilé pé kí ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbin irúgbìn?

Kí ẹ má baà rò pé mo ti di alágbàwí wọn, àlèébù wà níbẹ̀. Àwọn kan ń yá owó gemach kan san gbèsè gemach mìíràn. Èlé tí Tórà kọ̀, láàárín ara wọn ni ó kọ ọ́, kò kọ ọ́ fún àjèjì. Onílé tó le wà láàárín wọn, wọ́n sì ń ròjọ́ ara wọn níwájú àwọn rábì. Bí àpò ti pọ̀ tó, kò tíì sọ ilé di pọ́ọ́kú.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá ilé wa yẹn bóyá àdúrà ràn án lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ní lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ tí búrẹ́dì bá wà nínú rẹ̀, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má jẹ́ kí àwọn nílò ẹ̀bùn ẹlẹ́ran ara tàbí owó yíyá wọn, bí kò ṣe ọwọ́ Rẹ̀ tó kún, tó sì ṣí. Àdúrà yìí dùn mọ́ mi nínú, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá owó ló ń gbà á, kò sì fi pamọ́ fún Ọlọ́run pé yíyá owó ń dun òun. Ó tún sọ pé ọjọ́ Sátidé ni lẹ́tà onílé dé. Wọn kì í ya àpò ìwé ní Sábáàtì, wọn kì í fọwọ́ kan owó, wọn kì í sọ̀rọ̀ òwò. Ó wà lórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà títí ìràwọ̀ mẹ́ta fi yọ. Wọ́n jẹun, wọ́n kọrin, ọkọ rẹ̀ sun oorun ọ̀sán. Kò ní oúnjẹ náà pọ̀, ó kàn rán mi létí pé Rábì Akiva ti sọ ọ́ láti ìgbà ìwásẹ̀ pé kí ènìyàn fi Sábáàtì rẹ̀ ṣe ọjọ́ lásán, kí ó má baà gbára lé ẹlòmíràn. Mo gbà pé ìsinmi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yìí jẹ́ nǹkan. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní ọjọ́ Àìkú, a kò sì ní irú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ̀bẹ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ owó ayẹyẹ ọdún kan ṣoṣo sọ́tọ̀, kí ó fi dá àpò owó ilé sílẹ̀, láìsí èlé, pẹ̀lú oníduro méjì àti ìwé, kí ẹni méjì máa gbà á, kí ẹni mẹ́ta máa pín in, kí orúkọ ẹni tó yá má sì jáde. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ òfin ẹgbẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fi owó gba ilé mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ sọ ọ́ láti orí pẹpẹ pé kí ẹni tó jẹ owó ilé san án kí ó tó dá ọrẹ pàtàkì kankan. Ní ti àwọn tó ní ilé nínú wa, tí wọ́n ní méjì tàbí mẹ́ta, n kò ní kí wọ́n fi ṣe sàráà. Ní 1885, Nathan Rothschild, Júù olówó báǹkì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti kọ́ ilé fún àwọn Júù òṣìṣẹ́ ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ gan-an, Four Per Cent Industrial Dwellings Company, ṣe ìlérí pé èrè àwọn kò ní kọjá ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ọ̀kan nínú ilé wọn ni Navarino Mansions ní Dalston Lane, tí ọ̀pọ̀ yín ń kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹ bá ń lọ ra iṣu. Kí onílé wa náà pinnu iye èrè tó tó òun.

Bí ẹ bá gbà kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé, mo ṣe tán láti wá, mo sì ṣe tán láti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí yóò máa kọ ìwé àpò náà láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
ọmọ ẹgbẹ́ yín kan ní Stamford Hill.